Ó Ti Ń Dún, Ṣé Ó Ti Dára?

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo wa máa ń bi ẹni tó bá ń tún nǹkan ṣe fún wa, ì báà jẹ́ mẹkáníìkì, ì báà jẹ́ dókítà: "Ṣé ó ti dára báyìí?" Ẹni náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó sanwó, a ó sì máa lọ sílé. Ó pẹ́ tí ìdáhùn yẹn ti ń kọ mí lóminú. Kì í ṣe pé mo rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra la máa ń dì sínú "ó ti dára" yẹn. Èkíní ni pé nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni pé mo mọ ohun tó ṣe é, mo sì ti mú un kúrò. Ẹni tó ń gbọ́ máa ń gbọ́ èkejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, èkíní nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ṣé ó yẹ kó la ìyàtọ̀ yẹn yé wa? Èmi gbà pé ó yẹ, gbèsè ni ó sì jẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe oògùn. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé ohùn gìtá sókè ni, tí bọ̀dá kan fọwọ́ ara wọn tò nílùú Forney níbí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Forney, ìlà-oòrùn Dallas ló wà, lójú ọ̀nà Highway 80, ní Kaufman County. Ìlú àwọn tó ń ta ohun àtijọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, "Antique Capital of Texas" ni oríkì rẹ̀. Nísinsìnyí, ilé tuntun ló ń hù níbẹ̀ bí olú. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2010, èèyàn 14,661 ni wọ́n kà níbẹ̀. Nígbà tó di 2020, wọ́n ti di 23,455. Àwa náà wà lára àwọn tó ń kó wọ̀ ọ́, àwa tí owó ilé Dallas ti lé jáde. Bọ̀dá tí mò ń sọ yìí fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe. Ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni wọ́n tò ó fún.

Ánpù ni mo máa pè é kó lè rọ̀ wá lọ́rùn. Àwọn tó fẹ́ kí èdè dúró ṣinṣin á ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè, wọn ò sì jẹ̀bi. Inú páálí ló ti dé: páànù tí wọ́n ti lu ihò sí, tiransifọ́mà méjì, wáyà, àwọn èròjà wínníwínní nínú ọ̀rá, àti ìwé tó ń júwe bí wọ́n ṣe ń tò ó. Àwòrán iná rẹ̀ ni ti Champ, ánpù kékeré tí ilé iṣẹ́ Fender ń ṣe láàárín àwọn ọdún 1950, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní 5F1. Túùbù mẹ́ta péré ló ní, agbára rẹ̀ kò sì ju watt márùn-ún lọ. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bọ̀dá fi jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní gáréèjì wọn, iṣẹ́ náà sì mọ́. Mo ti rí iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń gbowó lórí ẹ̀ tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Túùbù yìí náà ni fáàfù tí àwọn bàbá wa mọ̀ nínú rédíò onígi ńlá. Ẹ rántí asọ̀rọ̀mágbèsì ayé ìgbà yẹn: èèyàn á tan án, á dúró, iná pupa kékeré á yọ nínú ẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn á tó jáde. Ìgò ni, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kúrò. Irin kan wà láàárín tí wọ́n ń yáná sí, kátódì lorúkọ rẹ̀. Bó bá gbóná, iná á máa tú lára rẹ̀ lọ bá awo irin tó yí i ká. Láàárín àwọn méjèèjì ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró sí bí oníbodè. Ohùn gìtá tó kéré jọjọ ló ń dé ọ̀dọ̀ oníbodè, bí oníbodè bá sì ṣe ṣe sí i ni iná ńlá á ṣe ṣàn. Ohun kékeré ń darí ohun ńlá. Gbogbo idán inú ẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ẹ̀bá Dallas la ti ń ṣe wàhálà túùbù, nítorí Dallas yìí wà lára ibi tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò fún un. Transistor tí Texas Instruments ṣe ló wà nínú Regency TR-1, rédíò transistor àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún gbogbo ènìyàn, lọ́dún 1954. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958 ni Jack Kilby, òṣìṣẹ́ wọn, fi integrated circuit tó ṣe han àwọn ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lọ́dún 2000. Ó yẹ kí túùbù ti sùn látìgbà náà. Àwọn onígìtá ni kò gbà. Àwa náà sì jẹ nínú àǹfààní ẹ̀: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn onijùjú bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ni gìtá àti ohùn olórin tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan kí ìlù má bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà nígbà yẹn, fáàfù ni. Ẹni tó bá gbọ́ I. K. Dairo, tó sì rò pé igi àti awọ nìkan lòun ń gbọ́, kò tíì gbọ́ ọ tán.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gáréèjì. Ánpù bọ̀dá dún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú gbogbo ilé dùn. Àmọ́ bí ọmọ bá ti ta á fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí nípọn bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, awo irin inú túùbù ńlá, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 6V6, á sì pọ́n bí ẹ̀yinná. Bọ̀dá wo ohun tó ń pọ́n, wọ́n ní òun ni oníwàhálà. Wọ́n kọ̀wé sí ẹni tó ta túùbù pé túùbù tó bàjẹ́ ló kó fún wọn. Ẹni náà kò jiyàn, ó dá owó wọn padà. Wọ́n ra òmíràn, wọ́n tan án wò fún ìdajì wákàtí, ó dún dáadáa. Wọ́n sọ fún ọmọ pé, "Mo ti tún un ṣe, ó ti dára." Nígbà tí ọmọ lò ó fún ìdánrawò orin, ó tún pọ́n. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n gbé e wá bá mi lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, pẹ̀lú túùbù tuntun mìíràn nínú páálí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí n bá wọn fi í sí i, kí n sì jẹ́rìí sí i pé ó ti dára, nítorí Sọ́ńdè ti súnmọ́lé.

Mo sọ fún wọn pé mi ò ní jẹ́rìí sí ohun tí mi ò mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ orin ni o, kì í ṣe kóòtù."

Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, mi ò sì fẹ́ fojú kékeré wò ó. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe rò ó. Wọ́n ní ní wọ́ọ̀dù, bí aláìsàn bá wọlé tí ara rẹ̀ ń jó, oògùn ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Kò sẹ́ni tó ń dúró kí ó mọ ohun tó fa ibà kó tó jẹ́ kí ara aláìsàn tutù. Àgbẹ̀ ń gbin iṣu kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀. Nílé lọ́hùn-ún, ẹni tó ní mọ́tò kan ṣoṣo tó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, ṣé ó lè máa sọ fún mẹkáníìkì pé kó lọ ṣèwádìí fún ọ̀sẹ̀ méjì? Kó máa lọ ló fẹ́. A ti mánéèjì títí tí mánéèjì fi di iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní ìmọ̀ ìdí ohun gbogbo, afẹ́ àwọn tí ebi ò pa ni.

Mo gbà púpọ̀ nínú ẹ̀. Mi ò tíì rí ìdí tí mánéèjì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó fi wáyà so èéfín mọ́tò kó lè dé Ṣàgámù kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bó bá ti sọ fún ẹni tó ń wà á pé wáyà ni mo fi so ó o. Níbi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ bọ̀dá ni ibi ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lẹ́yìn iṣẹ́. "Mo pààrọ̀ túùbù, ó ti ń dún, mi ò mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́": òótọ́ ni. "Mo ti tún un ṣe": ó ti kọjá ohun tí ẹni tó sọ ọ́ mọ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán, torí ẹni tó gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ kò ní ṣe bí ẹni tó gbọ́ èkejì. Ọmọ tó gbọ́ pé bàbá òun kò mọ ohun tó ṣe é kò ní tan án sílẹ̀ kó lọ jẹun. Ọmọ tó gbọ́ pé ó ti dára á tan án sílẹ̀ kó sì sùn lọ, pẹ̀lú ohun tó ń pọ́n bí ẹ̀yinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì. Mo sọ fún bọ̀dá pé, "Ẹ̀yin náà, nígbà tí ẹ bá fún aláìsàn ní oògùn ibà, kí lẹ máa ń kọ sínú ìwé rẹ̀? Ṣé ẹ máa ń kọ pé ara rẹ̀ ti yá?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní rárá, ibà la máa kọ, a ó sì kọ pé wọn kò tíì mọ ohun tó fà á. Mo ní ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn.

Wọ́n gbé àga, wọ́n jókòó.

Kí n tó sọ ohun tí a rí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹni tó bá ń rò ó pé òun náà á tú tiòun: ẹ̀rọ yìí ń pani. Iná tó lé ní volt 300 ló wà nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í lọ nígbà tí ẹ bá pa á, tí ẹ sì yọ wáyà kúrò lára ògiri. Kapásítọ̀ tí àwọn oní-rédíò nílé ń pè ní kọ̀ńdẹ́ńsà máa ń gbé iná sínú bí ràkúnmí ṣe ń gbé omi. Ẹ gbọ́dọ̀ fi rẹsístọ̀ fà á jáde, kí ẹ sì fi mítà wò ó pé ó ti bọ́ sí òdo kí ọwọ́ tó kàn án. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tó wà láàyè, ẹ fi ọwọ́ kan sínú àpò, kí iná má baà gba ọwọ́ kan wọlé, kó gba àyà, kó jáde lọ́wọ́ kejì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá a lójú, kó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

A tan án, a jẹ́ kó gbóná, mo sì ń ka nọ́ńbà, bọ̀dá ń kọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹsẹ̀ kẹjọ túùbù 6V6, tó jẹ́ ti kátódì, gbé volt 19. Rẹsístọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ohm 470. Ẹ fi 470 pín 19, ẹ ó rí i pé iná tó ń gba inú túùbù kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíámpù 40. Awo irin wà ní volt 318. Ẹ yọ 19 kúrò nínú 318, ẹ fi ìlọ́po iná yẹn ṣe é, ó jẹ́ watt 12, tàbí kó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Watt 12 ni ìwé àtijọ́ ní túùbù yìí lè gbé, ti ìgbà tó tẹ̀ lé e ní 14. Kò sí wàhálà. Ẹsẹ̀ karùn-ún, tí oníbodè wà, wà ní òdo bó ṣe yẹ.

Ẹni tó bá ń kánjú á dúró níbẹ̀, á ní ó ti dára. A dúró dè é. Bọ̀dá lọ po gàárì wá.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ karùn-ún tó yẹ kó wà ní òdo ń gùn bọ̀: volt 3, volt 7, volt 12. Kátódì gòkè di 26. Ẹ tún fi 470 pín in: mílíámpù 55. Awo irin ti wálẹ̀ sí 305, síbẹ̀ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn túùbù ti lé ní watt 15. Ìdí tó fi ń pọ́n nìyẹn. Wọ́n di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ rù ú.

Ta ló dì í? Ohun méjì ló lè ti oníbodè gòkè bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé túùbù fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́ nínú. Ó sì lè jẹ́ kapásítọ̀ kékeré tó wà láàárín òun àti túùbù tó ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ kapásítọ̀ yìí ni pé kó jẹ́ kí ohùn kọjá, kó sì dí iná tó dúró gbagidi lọ́nà. Bó bá ń jò, iná òkè á máa ṣẹ́ sórí oníbodè, oníbodè á sì máa ṣílẹ̀kùn fún ohun tí kò yẹ kó kọjá. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ rọrùn débi pé ó yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn adájọ́: ẹ yọ ẹni tí ẹ ń fura sí kúrò, kí ẹ wò ó bóyá ohun burúkú náà á ṣì máa ṣẹlẹ̀. A pa iná, a yọ 6V6, a tún tan án kíákíá kó tó tutù. Kò sí túùbù níbẹ̀ mọ́. Volt 12 ṣì wà lẹ́sẹ̀ karùn-ún.

Bọ̀dá wò mí, wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Mo ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀."

Nígbà tí a tú kapásítọ̀ náà, tí a sì fi mítà wò ó lórí tábìlì, kò jẹ́wọ́. Ó ti tutù, bátìrì inú mítà kò sì ju volt díẹ̀ lọ. Lójú mítà, èèyàn dáadáa ni. Inú ooru àti lábẹ́ iná gidi nìkan ló ti ń jò. Mo mọ̀ pé ó ń wu ẹ̀yin kan kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ náà lọmọ aráyé rí. Mi ò ní sọ ọ́. Ohun tó wù mí kí n tọ́ka sí ni pé àyẹ̀wò tó rọrùn fún ẹni tó ń ṣe é lè ṣàì kan ìgbà tí nǹkan náà ń bàjẹ́ rárá. Ìdajì wákàtí tí bọ̀dá fi tan án wò lọ́jọ́sí, ó bọ́ sínú ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì yá.

A fi kapásítọ̀ tuntun sí i, kò tó dọ́là méjì. Wákàtí méjì, ẹsẹ̀ karùn-ún wà ní òdo. Bọ̀dá ti ń wá ìdérí rẹ̀. Mo ní ó ku ẹyọ kan: ẹ jẹ́ ká dá èyí tó bàjẹ́ padà sí i.

"Kí lẹ wí? Ẹ fẹ́ bà á jẹ́ padà ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a tú ti àkọ́kọ́, a sún wáyà, a jó lẹ́ẹ̀dì ojú ibẹ̀ lákọ̀tun. Ta ló sọ pé kì í ṣe ojú lẹ́ẹ̀dì ló bàjẹ́, tí a sì tún un ṣe láìmọ̀? Ẹni tó bá mọ àrùn gbọ́dọ̀ lè pè é kó wá, kó sì lè ní kó lọ. Bí kò bá lè pè é, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àrùn náà fúnra rẹ̀ ló yan ìgbà tó lọ. A dá a padà. Ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, volt 12 dé. A yọ ọ́, a fi tuntun sí i, ó lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé a mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ "mọ̀" yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ Ifẹ̀. Lọ́dún 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief and Witchcraft. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ni wọ́n jókòó tì, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè bí a ṣe ń lo "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Ohun tí wọ́n rí ni pé ọwọ́ le lórí "mọ̀" nínú èdè wa ju bí ó ṣe le lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún un lọ. Ohun tí mo fojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, ni mo mọ̀. Ohun tí mo gbọ́ tí mo sì gbà, ì báà jẹ́ ẹnu olùkọ́ ni, ì báà jẹ́ inú ìwé, mo gbà á gbọ́ ni. Ọ̀nà tí ìgbàgbọ́ sì lè gbà di ìmọ̀ ni pé kí a dán an wò. Èyí tí mo kọ́ ní yunifásítì níbí kò mú mi tó bẹ́ẹ̀. Òyìnbó tó bá ka ìwé ìṣirò kan á ní òun mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa á bi í pé: ṣé o wà níbẹ̀?

Ẹ fi èyí wo "mo ti tún un ṣe". Bọ̀dá gbà gbọ́ pé túùbù ló bàjẹ́. Kò burú. Ẹ̀rí díẹ̀ wà fún ìgbàgbọ́ náà, torí ohun tó ń pọ́n ni wọ́n rí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé aṣọ ìmọ̀ ni wọ́n wọ̀ fún un kí wọ́n tó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Nínú ìdílé Yorùbá, ọ̀rọ̀ bàbá wúwo. Ọmọ kì í bi bàbá pé báwo lẹ ṣe mọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún wa bá ṣe pọ̀ tó ni gbèsè yìí ṣe pọ̀ tó lọ́rùn wa. Ọ̀rẹ́ mi lè bi mí léèrè, ó lè jiyàn. Ẹni tí kò láṣẹ láti jiyàn, ọ̀rọ̀ mi nìkan ló ní.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ta túùbù. Òun ni mi ò kọ́kọ́ rò. Bọ̀dá ló dá a sílẹ̀ fúnra wọn bí a ṣe ń kó irinṣẹ́ jọ. Owó túùbù àkọ́kọ́ tí wọ́n ti gbà padà, ṣé tiwọn ni? Wọ́n ní, "Mi ò purọ́ fún un. Ohun tí mo rí ni mo kọ." Òótọ́ ni, wọn ò purọ́. Irọ́ ni kí èèyàn mọ èyí kó sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n túùbù ọkùnrin yẹn kò ṣẹ̀, ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbé títí tó fi kú. Kapásítọ̀ ló jẹ̀bi, ẹlòmíì ló sì ta ìyẹn. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ tí a sọ kì í kúrò lọ́rùn wa lọ́jọ́ tí a sọ ọ́. Bí ìmọ̀ bá dé lẹ́yìn, ó máa ń padà wá bá a. Ẹni tí kò purọ́ lóṣù tó kọjá lè wá di ẹni tó ń jẹ èrè ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ lóṣù yìí, bó bá dákẹ́ lẹ́yìn tó ti mọ̀. Ìyàwó wọn tó ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n ní owó túùbù kan kò ní sọ ọlọ́jà di tálákà, wọ́n sì bèèrè bóyá a máa jẹun tàbí a ò ní jẹun. Bọ̀dá ní àwọn á rò ó. Mi ò tún gbé e dìde mọ́. Àwọn ni àgbà, àwọn ló sì bi ara wọn léèrè.

A dán ọ̀kan nínú àwọn túùbù tí wọ́n ti dá lẹ́bi wò, èyí tí wọn ò tíì jù nù. Wákàtí kan ààbọ̀ ni ó fi dún, kò pọ́n. Wọ́n tọ́jú ti tuntun padà sínú páálí.

Kí wọ́n tó dé ìdérí, bọ̀dá fa bébà kan yọ, wọ́n kọ ọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ ìwé aláìsàn: ọjọ́, wákàtí, ẹsẹ̀ kẹta volt 318, ẹsẹ̀ karùn-ún òdo, ẹsẹ̀ kẹjọ volt 19. Kapásítọ̀ tó wà láàárín ti jò nígbà tó gbóná, a ti pààrọ̀ rẹ̀, a dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ wọn ti dé láti ilé ìwé, ó ń wò wá. Ó ní ìró kan wà tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ nígbà tí èèyàn bá yí ohùn sílẹ̀ pátápátá, ṣé ìyẹn náà ti lọ? A fetí sí i. Kò lọ. Bọ̀dá tún mú bíró, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ bébà: ó ṣì ń kùn díẹ̀, a kò tíì mọ ohun tó fà á. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí, níbi tí ẹni tó bá tú u lẹ́yìn wa á ti kọ́kọ́ rí i.